Láti Orí Yanrìn Dé Orí Yìnyín Gbígbẹ: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìfọ̀mọ́ Abẹ́ Ọkọ̀ Àtijọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìfọ̀mọ́ ohun àtijọ́ mu rẹ́gí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń tún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ ṣe fi gbà pé agbára nìkan ni ó lè mú abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Wọn a ha á, wọn a fi iná yọ́ ọ̀dà ara rẹ̀, wọn a sì fi afẹ́fẹ́ líle ta yanrìn lù ú títí irin funfun yóò fi yọjú. Bí ẹrẹ̀ ti ń lọ ni ọ̀dà àkọ́kọ́, àmì ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rí bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà ń bá a lọ. Nígbà tí ó di ìparí ọ̀rúndún ogún, ọ̀nà mìíràn fara hàn. Ọ̀nà náà ni lílo yìnyín gbígbẹ, ìyẹn kábọ́nì dayọ́ksáídì tí a mú tutù títí ó fi dì gbagidi.

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí yìnyín gbígbẹ ṣe di ohun ìfọ̀mọ́ abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó gbé iṣẹ́ náà ró: nígbà tí a bá mú ìdọ̀tí kúrò lára ohun àtijọ́, kí ni ó yẹ kí ó ṣẹ́kù? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀nà ìfọ̀mọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè yìí. Pàtàkì yìnyín gbígbẹ kò sí nínú bí ó ṣe yára tó tàbí bí ó ṣe tutù tó. Ohun tí ó mú un ṣe pàtàkì ni pé ó fún oníṣẹ́ ní ààyè láti ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rí. Ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá ni a fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ iṣẹ́ náà, nítorí pé ojú mọ̀ ọ́n nílẹ̀ yìí, tí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ bí ohun àtijọ́ sì pọ̀ káàkiri ayé.

Abẹ́ Ọkọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ìwé Ìtàn

Ilẹ̀ Jámánì ni Ferdinand Porsche ti ṣe àwòrán ọkọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1930. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ṣíṣe rẹ̀ gbilẹ̀, kò sì dópin títí di ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla ní orílẹ̀-èdè Mexico. Àpapọ̀ gbogbo èyí tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 21. Ní Nàìjíríà, ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen tí ó wà ní Òjó, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títo ọkọ̀ pọ̀, Ìjàpá sì wà lára ohun tí ó jáde níbẹ̀. Ìrísí ọkọ̀ náà ni ó bí orúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ yọ roboto bí igbá ahun.

Bí a bá gbé Ìjàpá sókè, a óò rí i pé páànù irin méjì ni ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jó wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá gbọọrọ kan tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn bí egungun ẹ̀yìn ènìyàn. Inú ihò ọ̀pá yìí ni okùn kílọ́ọ̀ṣì, okùn bíréèkì ọwọ́ àti páìpù epo gbà kọjá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú lára dípò omi. Bí ọ́ìlì bá ń jò láti ara ẹ́ńjìnnì, abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́. Eruku ọ̀nà yóò dà lé e, ọdún yóò gorí ọdún, àdàlù náà yóò sì di èèpá dúdú tí ó nípọn. Ohun ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé èèpá ọlọ́ìlì yìí a máa dáàbò bo irin, nítorí pé kì í jẹ́ kí omi dé ara rẹ̀. Ibi tí ìpáàrà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìdógùn-ún, ti máa ń kọ́kọ́ jẹ ọkọ̀ yìí ni abẹ́ àga ẹ̀yìn níbi tí bátìrì wà, nítorí ásíìdì tí ń kán sílẹ̀, àti ihò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà dé iwájú.

Lábẹ́ èèpá yẹn ni ìwé ìtàn ọkọ̀ wà. Ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ kùn ún wà níbẹ̀, bákan náà ni ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ àti nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ ara ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, a tún máa ń rí àmì ṣọ́ọ̀kì tàbí ọ̀dà tí òṣìṣẹ́ fi sí ara bóòtù láti fi hàn pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ nìkan ni ó kọ ìtàn sí abẹ́ ọkọ̀. Páànù tí wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà lẹ̀ mọ́ ibi tí ìpáàrà ti jẹ jẹ́ ẹ̀rí pé ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́, pé ó bàjẹ́, àti pé ẹni tí ó ni ín kà á sí débi pé ó náwó lé e. Ẹni tí ó mọ ìwé yìí kà lè fi í mọ ọjọ́ orí ọkọ̀, ibi tí ó ti rìn àti ọwọ́ tí ó ti kọjá. Àmọ́, bí wọ́n bá ti ha á dànù, kò sí ẹni tí ó lè tún un kọ.

Àwọn Ọ̀nà Agbára

Ẹni tí ìtàn máa ń dárúkọ mọ́ títa yanrìn sí irin ni Benjamin Chew Tilghman, ará ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí ó ti jẹ́ ọ̀gágun nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà. Ọdún 1870 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé-ẹ̀rí ìhùmọ̀ lórí ọ̀nà yìí. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro: a óò fi afẹ́fẹ́ tàbí ooru omi gbígbóná tí ó lágbára ta yanrìn lu ohun líle, yanrìn náà yóò sì máa jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lò ó fún fífín àwòrán sára gíláàsì, wọ́n lò ó fún fífọ irin, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe.

Ìdáhùn yanrìn sí ìbéèrè iṣẹ́ yìí ni pé irin nìkan ni ó yẹ kí ó ṣẹ́kù. Yanrìn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpáàrà àti ọ̀dà, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹrẹ̀ àti àmì ṣọ́ọ̀kì. Bí ọwọ́ oníṣẹ́ bá wúwo, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò wọ́, yóò sì di gbágungbàgun. Yanrìn a tún máa sá sínú ihò àti ojú àlàfo, níbi tí yóò ti máa ṣe ìjàǹbá lẹ́yìn tí a bá ti to ọkọ̀ pọ̀ tán. Fún Ìjàpá, tí ihò pọ̀ lára rẹ̀, ìṣòro yìí kì í ṣe kékeré.

Èyí tí ó burú jù ni ohun tí yanrìn ṣe sí ènìyàn. Bí yanrìn bá lu irin, a máa fọ́ sí ekuru tí ojú kò lè rí. Ekuru náà a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, a máa dá egbò síbẹ̀, kì í sì í jáde mọ́. Àìsàn tí ó ń fà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní silicosis, kò sì ní ìwòsàn. Ìdí nìyí tí òfin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949 fi ka lílo irú yanrìn bẹ́ẹ̀ fún fífọ irin dídà nínú ilé-iṣẹ́ léèwọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tí ń mójú tó ìlera òṣìṣẹ́ dábàá ní 1974 pé kí a fòfin de yanrìn fún iṣẹ́ títa. Nípa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí ara irin nìkan ni ọ̀nà agbára ń gbà lọ, ó ń gba ẹ̀mí ènìyàn pẹ̀lú.

Àwọn oníṣẹ́ wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lo ásíìdì, wọ́n lo omi gbígbóná, wọ́n sì lo sódà. Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ fún àkíyèsí kò ti ara ọkọ̀ wá. Nígbà tí wọ́n ń tún Ère Òmìnira tí ó wà ní New York ṣe láàárín 1984 àti 1986, ìpele ọ̀dà púpọ̀ ni wọ́n bá nínú ikùn rẹ̀, lára páànù bàbà tí kò nípọn. Wọn kò tó bẹ́ẹ̀ láti ta yanrìn sí i. Naitirójìn olómi, tí ó tutù tó ìwọ̀n Celsius 196 nísàlẹ̀ òdo, ni wọ́n dà sí ọ̀dà náà lára, ó gan, ó sì ń ré bọ́. Ọ̀dà èédú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò bọ́ ní tirẹ̀, sódà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ni wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ ta sí i kí ó tó kúrò. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó hàn níbẹ̀: òtútù lè ṣe ohun tí agbára kò gbọdọ̀ ṣe, ohun tí a sì ń ta lu irin kò gbọdọ̀ le ju irin náà lọ. Yìnyín gbígbẹ ni ó so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀.

Bí Yìnyín Gbígbẹ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ìtàn yìnyín gbígbẹ ti pẹ́ ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Ní àwọn ọdún 1750, Joseph Black, onímọ̀ ìṣègùn àti kẹ́místrì ní ilẹ̀ Scotland, ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ kan wà nínú ẹfun òkúta tí ó yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Afẹ́fẹ́ yìí ni a wá mọ̀ sí kábọ́nì dayọ́ksáídì. Ní 1823, Michael Faraday ní London fún un mọ́ inú gíláàsì títí ó fi di olómi. Ní 1835, ará ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Thilorier jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Paris mọ̀ pé bí òun ti ṣí àgbá tí olómi náà wà, apá kan rẹ̀ fò lọ bí afẹ́fẹ́, apá tí ó ṣẹ́kù sì dì, ó funfun bí ìrì dídì. Iṣẹ́ náà léwu gidigidi. Ní 1840, irú àgbá bẹ́ẹ̀ bú gbàmù ní Paris, ó sì pa olùrànlọ́wọ́ kan tí ń bójú tó o.

Fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Thilorier, inú yàrá ìwádìí ni ohun tuntun yìí wà. Ọjà ni ó gbé e jáde. Ní 1925, ilé-iṣẹ́ kan ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lábẹ́ orúkọ tí ó túmọ̀ sí yìnyín gbígbẹ, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí di òní. Ohun tí wọ́n ń lò ó fún ni kí ẹran, ẹja àti áísìkirìmù má baà bàjẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń rìn jìnnà. Àǹfààní rẹ̀ lórí yìnyín omi ni pé kì í yọ́ sílẹ̀, kì í sì í mú ẹrù tutù jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Àbùdá yìí kan náà ni ó sọ ọ́ di ohun ìfọ̀mọ́. Ní 1977, Calvin Fong, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Lockheed, ilé-iṣẹ́ aṣe-ọkọ̀-òfurufú ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-ẹ̀rí ìhùmọ̀ lórí èrò kan tí ó rọrùn: dípò yanrìn, kí a ta kóró ohun dídì tí yóò parẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán. Ní 1986, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Cold Jet sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio láti máa ṣe ẹ̀rọ tí ó lè ta yìnyín gbígbẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà á, láti fi fọ irin tí wọ́n fi ń mọ rọ́bà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ. Bí ẹ̀rọ náà ti ń kéré sí i ní ìwọ̀n ni ó ń sún mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe.

Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Láti ṣe yìnyín gbígbẹ, a óò tú kábọ́nì dayọ́ksáídì olómi sílẹ̀ lójijì kúrò nínú agbára tí ó há a mọ́. Apá kan yóò di afẹ́fẹ́, ìyókù yóò sì di ìrì funfun. Ẹ̀rọ yóò fún ìrì yìí pọ̀ gba ojú ihò wẹ́wẹ́ kọjá, yóò sì di kóró tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 3. Òtútù rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n Celsius 78.5 nísàlẹ̀ òdo. Oníṣẹ́ yóò da kóró náà sínú ẹ̀rọ ìfọ̀mọ́, afẹ́fẹ́ tí ó ti ara kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ wá, irú èyí tí àwọn fọganáísà fi ń fẹ́ táyà ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ fíìfíì, yóò sì ta á jáde láti ẹnu páìpù.

Ohun mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kóró bá balẹ̀. Èkínní, ó lu ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n nítorí pé ó rọ̀ ju irin lọ, kò lè fín ara irin. Èkejì, òtútù rẹ̀ mú kí ìdọ̀tí súnkì, kí ó sì gan. Bí ọyẹ́ ṣe ń mú kí epo pupa dì nínú ìgò ni òtútù yìí ṣe ń sọ ọ́ìlì àti ọ̀dà dúdú tí ó rọ̀ di ohun líle tí ó lè fọ́. Irin abẹ́ rẹ̀ kì í súnkì ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jáwọ́ lára ara wọn. Ẹ̀kẹta, kóró náà di afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìkọ́kọ́ di omi. Kò yàtọ̀ sí kàfúrà, kóró funfun tí à ń fi sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, tí yóò máa joro títí yóò fi tán láìjẹ́ kí aṣọ tutù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ohun tí ń gba kàfúrà ní oṣù púpọ̀ ni yìnyín gbígbẹ ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ti móoru tán, ààyè tí ó ń gbà yóò tó nǹkan bí ìlọ́po 800 ti kóró tí ó ti ara rẹ̀ jáde. Fífẹ̀ lójijì yìí ni ó ń gbé ìdọ̀tí kúrò láti ìsàlẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, yìnyín ti lọ. Ìdọ̀tí tí ó bọ́ nìkan ni ó wà nílẹ̀ fún gbígbá. Kò sí yanrìn nínú ihò, kò sì sí omi nínú wáyà.

Ìjàpá Lórí Ẹ̀rọ Ìgbọ́kọ̀

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí oníṣẹ́ ya àwòrán gbogbo abẹ́ ọkọ̀, nítorí pé ìdọ̀tí gan-an lè jẹ́ ẹ̀rí: ẹrẹ̀ pupa tí ó há sí kọ̀rọ̀ kan lè sọ irú ilẹ̀ tí ọkọ̀ ti rìn. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọkọ̀ sókè. Yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò lágbára púpọ̀ ní ibi tí kò hàn síta, kí ó lè mọ ohun tí ọ̀dà ibẹ̀ lè gbà.

Ní abẹ́ ẹ́ńjìnnì, èèpá ọ́ìlì yóò máa ré bọ́ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ọ̀dà dúdú tí ẹnì kan kùn lé ìdọ̀tí ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn yóò fọ́, ọ̀dà ilé-iṣẹ́ tí ó di irin mú dáadáa yóò sì dúró. Bí oníṣẹ́ bá súnmọ́ ọn jù tàbí tí ó fi agbára kún afẹ́fẹ́, ọ̀dà rere náà lè bá a lọ. Ìdájọ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó ń pinnu, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bákan náà ni àmì ṣọ́ọ̀kì kò ní agbára ọ̀dà. Bí oníṣẹ́ bá rí i, àfi kí ó dáwọ́ dúró lórí rẹ̀.

Ohun kan wà tí yìnyín gbígbẹ kò lè ṣe: kò lè mú ìpáàrà tí ó ti wọ irin lára kúrò. Kóró tí kò lè fín irin kò lè fín ìpáàrà náà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń tú àṣírí rẹ̀. Páànù abẹ́ bátìrì tí ó dà bí ohun tí ó le lábẹ́ èèpá lè wá hàn bí asẹ́ nígbà tí èèpá bá bọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbé ọkọ̀ wá fún ìfọ̀mọ́ ni ó ń gba ìròyìn tí kò retí. Síbẹ̀, ìròyìn òtítọ́ sàn ju ẹwà tí ó bo ihò mọ́lẹ̀ lọ. Wẹ́dà yóò wá mọ ibi tí ó yẹ kí òun gé, yóò sì mọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ewu Tí Ó Fara Sin

Ọ̀nà ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí kò léwu. Afẹ́fẹ́ tí yìnyín gbígbẹ ń dà wúwo tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ilẹ̀ ni ó máa ń wá, inú kòtò ni ó sì máa ń kójọ sí. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, iye rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.04 nínú ọgọ́rùn-ún. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi lélẹ̀ fún ẹni tí yóò fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, yóò fa orí fífọ́ àti èémí gúlegúle, ó sì lè pa ènìyàn. Kò ní àwọ̀. Nítorí náà, kòtò tí àwọn mẹkáníìkì máa ń wọ̀ láti tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe ni ibi tí ó burú jù lọ láti lo yìnyín gbígbẹ. Orí ẹ̀rọ ìgbọ́kọ̀, ní gbangba tàbí ní ilé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí dáadáa, ni iṣẹ́ náà yẹ.

Ó tún yẹ kí oníṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, nítorí pé òtútù náà ń jó ara bí iná. Ó yẹ kí ó bo ojú àti etí, nítorí ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀. Ó yẹ kí ó bo imú pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí ń fò bọ̀ láti abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ lè ní òjé tàbí ekuru asbestos ti bíréèkì nínú. Yìnyín gbígbẹ mú ekuru yanrìn kúrò, kò mú ekuru ọkọ̀ kúrò. Ní ilẹ̀ tí ọ̀rinrin pọ̀ sí, bí i etí òkun Èkó, irin tí ó tutù a máa fa ìrì mọ́ra. Bí a kò bá nù ún gbẹ, kí a sì fi ọ̀dà tàbí òróró bò ó, ìpáàrà tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí ọlọ́ìlì ti ń dáàbò bò ó tẹ́lẹ̀.

Ìfọ̀mọ́ àti Ìpamọ́ Ẹ̀rí

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn máa wá ọ̀nà ẹ̀sọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìyípadà èrò nípa ohun àtijọ́. Ní 1964, àwọn onímọ̀ nípa ilé àtijọ́ ṣe Ìwé Àdéhùn Venice, tí ó ní kí àtúnṣe bọ̀wọ̀ fún ohun tí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà náà. Láàárín 2012 àti 2013 ni FIVA, àjọ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, gbé Ìwé Àdéhùn Turin jáde. Ìwé yìí mú ìlànà ti Venice wọ inú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó ya pípa ohun mọ́ bí ó ṣe wà sọ́tọ̀ kúrò lára títún un ṣe, ó sì fi hàn pé ohun tí ọjọ́ orí ti kọ sí ara ọkọ̀ jẹ́ apá kan ìtàn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa ìlànà yìí lè lọ sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, ní Èkó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, àwọn ológun tí ó fẹ́ gbàjọba yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, nínú ọkọ̀ Mercedes-Benz dúdú kan lójú pópó Èkó. Oníkan ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ, pẹ̀lú ojú ọta ìbọn lára rẹ̀. Ká ní wọ́n ti gbé e fún páànù bítà tí ó mọṣẹ́ ni, kí ó dí ihò ọta, kí ó sì kùn ún kí ó máa dán, ọkọ̀ náà ì bá rẹwà, ṣùgbọ́n kì bá tí ní ohunkóhun láti sọ fún ọmọ ilé-ìwé tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ìbàjẹ́ ara rẹ̀ ni ìwé tí ó gbé lọ́wọ́.

Ìjàpá tí kò gbé olórí ìjọba rí kò ní ihò ọta ìbọn. Ìtàn tirẹ̀ ni ti olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oníṣòwò àti awakọ̀ tí kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Èyí gan-an ni ó mú kí àmì kékeré abẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìwé ìjọba pọ̀ lórí ikú Murtala, ṣùgbọ́n páànù tí wẹ́dà lẹ̀ mọ́ abẹ́ Ìjàpá lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó kù nípa ọwọ́ tí ó lẹ̀ ẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti tọpasẹ̀ ìfọ̀mọ́ abẹ́ ọkọ̀ láti orí yanrìn Tilghman ní 1870 dé orí yìnyín gbígbẹ tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ní 1986. Yanrìn dáhùn pé irin nìkan ni kí ó kù, ó sì gba ẹ̀dọ̀fóró òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Yìnyín gbígbẹ kò dáhùn fúnra rẹ̀. Ó dá ìbéèrè padà sọ́wọ́ oníṣẹ́, pé kí ó wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó yọ ọ́. Ó ní ewu tirẹ̀, kò sì lè mú irin tí ó ti jẹrà padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ìtàn kò mọ sí inú ilé mẹkáníìkì. Ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́, ère inú ojúbọ, ògiri ààfin àti ìtàn àtẹnudẹ́nu pàápàá ni ìdọ̀tí ọdún máa ń bò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ láti béèrè ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹ́kù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ yóò wúlò fún ìtàn. Èyí tí a kò bá kọ́ yóò fọ ohun gbogbo títí yóò fi funfun, kò sì ní sí ohun tí yóò kà mọ́.